Ọkọ̀ Abingdon tí ó Ti Òkun Bọ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó, tí a sì gbé padà wá sílé, ni à ń pè ní Tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni kí ó tó di orúkọ ọjà. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Èkó àti Kútọnu wọlé, àwọn ènìyàn wa wò wọ́n, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ti òkun bọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ sọ irin. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ bá a rò. Ẹni tí a bá sọ pé ó ti ibì kan bọ̀, ó yẹ kí ó ní ilé tí ó ń bọ̀ sí. Toyota tí a ṣe ní Japan, tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà fún ọdún 10, tí a wá tà ní Ìbàdàn, àlejò ni. Kò padà wá sílé. Ńṣe ni ó ṣí láti ilé àlejò kan bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ tí orúkọ yìí tọ́ sí gan-an, èyí tí a bí sílé, tí ó ré òkun kọjá, tí ó kọ́ ìwà ibòmíràn níbẹ̀, tí ó sì tún padà sí ilé baba rẹ̀ pẹ̀lú ohùn mìíràn lẹ́nu, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti lè rí i. MGB ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní i lọ́kàn láti ra ọkọ̀ fàájì àtijọ́ tí ó ti òkè òkun wá, ó sì dùn mọ́ àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa wò bí ohun kan náà ti ń yí padà láti ìlú dé ìlú.

Ìkékúrú Morris Garages ni MG, ilé ìtajà àti àtúnṣe ọkọ̀ tí William Morris ní ní ìlú Oxford. Cecil Kimber, ẹni tí ó ń ṣe alábòójútó ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara tuntun fún ọkọ̀ Morris kí ó lè wu àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn eré sísá. Ní ọdún 1929 wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Abingdon, ìlú kékeré kan létí odò Thames tí kò jìnnà sí Oxford, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọdún 1980. MGB jáde ní 1962. Ọkọ̀ kúkúrú ni, onìjókòó méjì, tí a lè ká ìbòrí rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí oòrùn bá ń ràn, èyí tí kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,798 cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 95. Ní 1965 wọ́n ṣe èyí tí ó ní òrùlé líle, wọ́n pè é ní MGB GT. MGA tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ṣásí lábẹ́, a sì gbé ara lé e lórí bí ẹni gbé àpótí lé orí ọmọlanke, ṣùgbọ́n MGB kò ní ṣásí lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí pamọ́ sọ́kàn, n óò tún padà sí i.

Kí ni ọkọ̀ kékeré láti Abingdon ń wá dé Amẹ́ríkà? Owó ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbèsè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, owó dọ́là ni wọ́n sì fi lè san án. Ìjọba wọn fi irin sí abẹ́ ìṣọ́, ilé iṣẹ́ tí ó bá ń fi ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun ni ó lè rí irin tí ó pọ̀ gbà. Báyìí ni MG ṣe kọjú sí Amẹ́ríkà. MG TC, tí wọ́n ṣe láti 1945 dé 1949, kò ní irú kan tí sitíárì rẹ̀ wà lápá òsì rárá; apá ọ̀tún nìkan ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ fún ará London. Síbẹ̀ nǹkan bí 2,000 nínú 10,000 tí wọ́n ṣe ni ó lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún títì. Àwọn ará Amẹ́ríkà rà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wà á bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí ìnira.

Kò pẹ́ tí ẹni tí ó ń rà fi di ẹni tí ó ń pàṣẹ. MGA àti MGB ní irú ti ọ̀tún àti irú ti òsì láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí Abingdon ń ṣe sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé MGB tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ojúlówó, pé èyí tí ó lọ sí Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀dà tí a bà jẹ́. Bí a bá fi iye rẹ̀ dá ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Ti ilé ni ó kéré ní iye. Ti àjò ni agbo ńlá.

Ní 1965 Ralph Nader tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pé wọn kò bìkítà fún ẹ̀mí àwọn tí ń rà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀, àwọn ìlànà àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ fún ọkọ̀ tí a bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1968. Èéfín ni ẹjọ́ kejì. Èéfín ọkọ̀ ti bo ojú ọ̀run Los Angeles mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ California fi ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú ìjọba àpapọ̀. Àwọn ará Abingdon wà ní ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń mu tíì, òfin tí wọn kò dìbò fún sì ń ti òkè òkun wá tún ara ọkọ̀ wọn ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù MGB jẹ́ irin tẹ́lẹ̀, dúdú, ó lẹ́wà, aago rẹ̀ jókòó létòlétò. Òfin ní bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, orí ènìyàn kò gbọdọ̀ bá irin pàdé. Ní ti ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà láti 1968, wọ́n fi tìmùtìmù ńlá bo gbogbo ibẹ̀, ó wú síta tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún àpótí tí a máa ń kó ìwé àti ìbọ̀wọ́ sí. Àwọn aláwàdà pè é ní ìrọ̀rí Abingdon. Àpótí náà kò padà títí di ọkọ̀ ọdún 1972. Wọ́n ṣe ọ̀pá sitíárì kí ó lè wó sínú dípò kí ó gún awakọ̀ láyà. Wọ́n pín bíréèkì sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan má bàa kú kí gbogbo rẹ̀ kú. Wọ́n fi iná kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì gbé ìgbéríró sórí àga.

Ti wáípà ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òfin Amẹ́ríkà sọ bí apá tí wáípà ń nù lára gíláàsì iwájú ti gbọ́dọ̀ tóbi tó. Gíláàsì MGB gùn, ó sì kúrú sókè; wáípà méjì kò lè nù ún tó. Bí wọ́n bá sọ wáípà di gígùn, yóò na ara rẹ̀ kọjá etí gíláàsì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ìkẹta kún un. Nítorí náà láti nǹkan bí 1969, MGB ti Amẹ́ríkà ní wáípà 3, ti ilé sì ní 2. Ẹni tí ó bá dúró ní títì tí òjò ń rọ̀ lè mọ ìlú tí a ṣe ọkọ̀ náà fún kí ó tó rí nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni ó jìyà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kabúrétọ̀ SU méjì ni ó ń fún un ní epo. Nítorí òfin èéfín, láti 1968 wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí epo tí kò jóná tán lè parí jíjóná nínú páìpù èéfín. Nígbà tí ó di ọkọ̀ ọdún 1975, wọ́n gba SU méjèèjì lọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n fún un ní Zenith-Stromberg kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 95 ní 1962 wá di èyí tí kò tó 70. Ní ọdún kan náà, ti London ṣì ń fi kabúrétọ̀ méjì sáré. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí bí MGB ti ń sáré tó, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè pé ti ìlú wo.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí Amẹ́ríkà pa láṣẹ tí ó sì bá ilé wí. Òfin tuntun fẹ́ kí bọ́ńpà lè fara da ìkọlù ní eré máìlì 5 ní wákàtí láìbà jẹ́. Bọ́ńpà irin dídán ti MGB kò lè ṣe é. Lápá ìparí ọdún 1974 wọ́n fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú ńlá rọ́pò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì gbé gbogbo ọkọ̀ sókè ju íǹṣì kan lọ kí gíga rẹ̀ lè bá ìlànà mu. Ṣíṣe ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò náni lówó púpọ̀, nítorí náà gbogbo MGB, títí kan èyí tí kò ní kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láéláé, wọ rọ́bà náà. Ọkọ̀ tí ó ga bẹ́ẹ̀ ń fì bí abo pẹ́pẹ́yẹ bí a bá yí kọ́nà, ó sì di 1976 kí wọ́n tó wá nǹkan gidi ṣe sí i. Inú ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kò dùn. Wọ́n ń san owó ilé, wọ́n ń gbé òfin àlejò. Títí di òní, MGB onírin dídán wọ́n ju onírọ́bà lọ lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ní tèmi, mo rò pé àwọn ènìyàn ń bá rọ́bà náà jà ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò bá lówó púpọ̀ lè jèrè nínú ìjà náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ ti MGB GT V8, nítorí ó ta kókó lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Láàrin 1973 sí 1976 wọ́n ki ẹ́ńjìnnì Rover oníhò 8, 3.5 lítà, bọ inú GT. Ọkọ̀ 2,591 péré ni wọ́n ṣe. Sitíárì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn wà lápá ọ̀tún. Wọn kò tà á ní Amẹ́ríkà rárá. Bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí ẹ́ńjìnnì náà: Buick ni ó ṣe é, tí ó pa á tì, tí Rover sì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ẹ́ńjìnnì ti òkun bọ̀, ọkọ̀ tí ó gbé e kò gbọdọ̀ ré òkun.

Àwa tí ń kọ́ èdè mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ará Èkìtì pe ilé ní ulé. Kì í ṣe pé ó ṣi ilé pè. Èdè Yorùbá inú ìwé ni a fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ti Èkìtì di àṣìṣe. Bí MGB ti rí nìyí. Wáípà kẹta kì í ṣe àbùkù, ìrọ̀rí Abingdon kì í ṣe àtúnṣe mẹkáníìkì kan ní Texas. Ilé iṣẹ́ ni ó ṣe wọ́n, fún ìdí tí a lè dárúkọ, ní ọdún tí a lè dárúkọ. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò ra ọkọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ó wá ku bí ọkọ̀ náà ṣe padà sílé. Abingdon ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní oṣù kẹwàá ọdún 1980. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ràn MGB rí i pé tiwọn ń tán lọ. Wọ́n ń da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ àti omi ni ìpẹtà sì ń jẹ mọ́. Ibi tí gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ ti wúlò nìyí. Nítorí tí ara MGB jẹ́ egungun rẹ̀, agbára rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí páànù mẹ́ta ti para pọ̀ di ihò gígùn kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ìpẹtà bá jẹ ibẹ̀ láti inú, ìta lè máa dán kí ọkọ̀ sì ti rọ lágbedeméjì bí igi tí ikán ti jẹ. Ní California àti Arizona, ní àwọn ibi tí òjò kò pọ̀ tí wọn kì í sì í sábà da iyọ̀ sí títì, ibẹ̀ ṣì le koko. Oòrùn á ti fọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á ti jó àga gbẹ, rọ́bà á ti là. Ṣùgbọ́n àga ni a lè pààrọ̀, egungun ni ó ṣòro. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó wọn padà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó mọ́ bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí ó bá gbé ní New York tàbí Michigan ti jẹ iyọ̀ bíi ti London, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kò tó kí a sọ pé ó ti Amẹ́ríkà wá. Ó yẹ kí a bi í pé apá ibo.

Àwọn tí ó gbé wọn wá rí i pé ọjà fẹ́ èyí tí ó jọ ti ilé. Wọ́n gbé sitíárì láti òsì lọ sí ọ̀tún. MGB gba èyí wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kí ó lè lọ sápá méjèèjì: wọ́n pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ sitíárì ìsàlẹ̀ àti àpótí ẹsẹ̀ bíréèkì, wọ́n sì pààrọ̀ iná iwájú, nítorí iná tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń tẹ̀ sí ọ̀tún nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ojú ẹni tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni yóò máa ràn sí ní London. Wọ́n yọ bọ́ńpà rọ́bà, wọ́n fi irin dídán sí i. Wọ́n yọ Stromberg, wọ́n dá SU méjì padà. Wọ́n dí ihò iná ẹ̀gbẹ́, wọ́n kùn ún. Ọkọ̀ ọdún 1976 ti Los Angeles wá jókòó, ó ń pe ara rẹ̀ ní ti Oxford ọdún 1970.

Àwa náà kò ṣe àjèjì sí ọ̀ràn òsì àti ọ̀tún. Títí di ọdún 1972, apá òsì títì ni à ń wà ní Nàìjíríà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀ fún wa, nígbà tí àwọn ará Dahomey, tí ó di Benin lẹ́yìn náà, ń wa ọ̀tún bíi Faransé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà ni a bọ́ sí ọ̀tún. Ọ̀nà yí padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò lè yí sitíárì wọn padà ní ọjọ́ kan. Awakọ̀ wọn ní láti máa na ọrùn kí ó tó lè ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ọkọ̀ kì í pẹ́ sọ òfin tí a fi bí i fún ẹni tí ó bá ní ojú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé ní London. Ó ti ń fi owó pamọ́ fún ọdún 6 kí ó tó rí MGB pupa kan tí ó wù ú. Ẹni tí ń tà á búra pé ti ilé ni, kò kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, owó tí ó ń bèèrè sì jẹ́ owó ti ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó mọ̀ pé mo ti ń ka ìtàn ọkọ̀ náà láti ìgbà èwe mi, pè mí lórí tẹlifóònù. Mo ní kí wọ́n bá mi ka nọ́ńbà ara páànù ìdánimọ̀ tí ó wà nínú ibi ẹ́ńjìnnì. Wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: G, H, N, 5, U. Nọ́ńbà yìí ní gírámà tirẹ̀. G dúró fún MG. H ń sọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì. N ni onìjókòó méjì aláìlórùlé. Bí ó bá jẹ́ GT, D ni ìbá wà níbẹ̀. Nọ́ńbà 5 ń sọ ìpele tí wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ti ilé, lẹ́tà kankan kì bá tí tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ti Jámánì tàbí Faransé, L ni ìbá wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé sitíárì rẹ̀ wà lápá òsì. U ni Amẹ́ríkà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo abẹ́ gíláàsì iwájú, ihò wáípà mélòó ni ó wà níbẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Méjì ni ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan dí ọ̀kan láàrin."

Ẹni tí ń tà á kò tún sọ̀rọ̀ ilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ìbínú lọ o. Wọ́n bá mẹkáníìkì kan wá, ó fi irin kékeré gbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí, ó ní egungun rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ tí òun ti rí ní ìlú náà lọ. Wọ́n dín owó náà kù gan-an, wọ́n sì rà á. Ohun tí wọ́n ń jà fún kì í ṣe pé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Pé a fi ìtàn rẹ̀ pamọ́ kí a lè fi gba owó lọ́wọ́ wọn ni.

Nǹkan méjì mìíràn wà tí ó lè tú àṣírí. Òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ọlọ́pàá ti lè kà á láti ìta, kí páànù kékeré sì wà ní òpó ilẹ̀kùn tí yóò sọ oṣù àti ọdún tí a ṣe é. Ọ̀pọ̀ tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe gbàgbé láti yọ wọ́n. Bí a bá sì yọ gbogbo rẹ̀, ilé ìtọ́jú ìwé ní Gaydon, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ń gba owó díẹ̀, ó sì ń kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí ó ni ọkọ̀: ọjọ́ tí a ṣe é, àwọ̀ tí a kọ́kọ́ kùn ún, ìlú tí a fi ránṣẹ́ sí. Mo mọ ẹni tí ó ń na owó sórí kíkùn lẹ́ẹ̀mejì tí kò ná owó sórí ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ìjọba ilẹ̀ náà, wọ́n fún ọkọ̀ àtijọ́ ní àǹfààní: ẹni tí ó bá kó èyí tí ó ti lé ní ọdún 30 wọlé, tí kò tíì yàtọ̀ sí bí a ti ṣe é, lè san owó ibodè tí ó kéré gan-an, èyí tí ó bá sì lé ní ọdún 40 kì í san owó-orí ọdọọdún. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà fúnra rẹ̀ ń bèèrè bóyá a ti yí ọkọ̀ padà kúrò ní bí a ti ṣe é.

Bí ẹ bá bi mí léèrè, n ò ní gbé sitíárì rẹ̀ kúrò lápá òsì, n ò sì ní yọ wáípà kẹta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní gbà fún mi. Ẹni tí ó ń gbé ní London tí ó fẹ́ máa wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ láàrin bọ́ọ̀sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé sitíárì sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti ríran. Stromberg náà, bí ó bá jẹ́ tèmi, mo lè yọ ọ́ kí n má sunkún. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ohun tí ó yọ sínú ìwé, kí ó sì fi í fún ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn rẹ̀.

Ìrìn àjò náà kò sì parí sí Amẹ́ríkà. Ní 1988 ilé iṣẹ́ British Motor Heritage tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi irinṣẹ́ àtijọ́ tẹ ara MGB tuntun fún àwọn tí ti wọn ti jẹrà, láti inú èyí ni Rover sì ti rí ọ̀nà ṣe RV8 láàrin 1993 sí 1995, MGB tí a tún bí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oníhò 8. Ọkọ̀ 1,983 ni wọ́n ṣe, ó ju 1,500 lọ nínú wọn tí ó lọ sí Japan. Apá òsì títì ni àwọn ará Japan ń wà bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà sitíárì kò ní láti kúrò lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí ti ilé kò ní, nítorí ooru ìgbà ẹ̀rùn Tokyo. Lẹ́yìn ọdún 2000 àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìtíì rìn jìnnà. Aago eré wọn ń ka kìlómítà, ẹni tí ó bá sì rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti pààrọ̀ ojú aago náà kí ó tó mọ iye máìlì tí òun ń sá ní wákàtí kan.